Ta Ló Ni Páìpù Tó Ń Jò? Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nínú Àdéhùn Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Ìbomirin

Páìpù tó bẹ́ nínú ilé máa ń pariwo. Ilẹ̀ á rin, ògiri á wú, onílé á figbe ta. Ṣùgbọ́n páìpù tó bẹ́ lábẹ́ koríko lè máa jò fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ilẹ̀ á kàn máa mu ún ni. Koríko ibẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn tó ń kọjá á sì máa yìn ín pé ó dára. Ibi tí wọ́n ti ń yin koríko yẹn gan-an ni owó ti ń bá ilẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ nípa nǹkan tó lè dà bí ọ̀rọ̀ lọ́yà lójú àwọn kan nínú yín: àdéhùn iṣẹ́. Àdéhùn lórí ẹ̀rọ ìbomirin ni mò ń sọ, ìyẹn àwọn páìpù, fáàfù àti sprinkler tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti máa fún koríko àti òdòdó lómi. Ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas tí mò ń gbé, ó ṣòro kẹ́ ẹ rin òpópónà mẹ́ta kẹ́ ẹ má rí ọ̀kan. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn onílé ládùúgbò wa, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún mi ni kí n máa yẹ ìwé owó omi wò. Ohun tí mo rí nínú ìwé yẹn ló kọ́ mi pé kò sí ìlà kan nínú irú àdéhùn yìí tí kò ní sáyẹ́ǹsì lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ sáyẹ́ǹsì náà, ẹ ò ní pẹ́ mọ ìlà tó sọ nù.

Iléeṣẹ́ mẹ́ta, omi kan

Àdúgbò wa ní koríko tó jẹ́ ti gbogbo onílé: ti ẹnu géètì, ti àárín títì, àti ti etí adágún kékeré kan. Mítà omi ọ̀tọ̀ ló wà fún wọn. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá wa ṣiṣẹ́ lórí wọn. Àkọ́kọ́ ń wá gé koríko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìkejì ń tún ẹ̀rọ ìbomirin ṣe nígbà tí a bá pè é. Ìkẹta ló ń bá wa bójú tó àdúgbò, òun náà ló sì ń san owó omi láti inú àpò ẹgbẹ́.

Lọ́dún kan, owó omi oṣù Keje wá ju ìlọ́po méjì ti oṣù Karùn-ún lọ. Mo pe àwọn agékoríko. Wọ́n ní, "Koríko niṣẹ́ tiwa, ọ̀gá. A kì í fọwọ́ kan omi." Mo pe àwọn ẹlẹ́rọ omi. Wọ́n ní, "Ohun tẹ́ ẹ bá pè wá fún la máa ń tún ṣe. Ẹ ò sì pè wá." Mo pe àwọn tó ń sanwó. Wọ́n ní, "Ohun tó wà lórí ìwé la san."

Mo wá kó ìwé àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo kà wọ́n látòkè délẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Bí àdéhùn kálukú ṣe sọ nìyẹn. Kò kàn sí ìwé kankan tó sọ pé kí ẹnì kan máa wò ó bóyá omi ń jò. Bí ewúrẹ́ bá ní olúwa mẹ́ta, tí kálukú rò pé ẹnì kejì ti fún un lóúnjẹ, ebi ló máa pa á sórí ìso.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kéde pé owó oṣooṣù tí onílé kọ̀ọ̀kan ń dá máa lọ sókè nítorí omi yìí, màmá ò sọ nǹkan kan nípàdé. Ìgbà tí a parí ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò, owó ìfẹ̀yìntì mi ò lọ sókè o. Ẹ̀ ń sanwó fún agékoríko, ẹ̀ ń sanwó fún ẹlẹ́rọ omi. Èwo nínú wọn ló yẹ kó ti rí i?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wádìí ẹ̀, Mà." Ìwádìí náà ló di ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí.

Ihò kékeré, ìṣirò ńlá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ oríṣi páìpù méjì tó wà lábẹ́ koríko. Páìpù àgbà ló gba omi láti ọ̀dọ̀ mítà dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù. Omi máa ń ti páìpù yìí tọ̀sán tòru, yálà sprinkler ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Àwọn páìpù kéékèèké ló wá gba omi láti ọ̀dọ̀ fáàfù lọ sí ẹnu sprinkler. Omi kì í ti àwọn yẹn àfi ìgbà tí fáàfù wọn bá ṣí, bóyá ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí ihò kan náà bá wà lára páìpù méjèèjì, ti páìpù kékeré máa jò fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ti páìpù àgbà máa jò fún wákàtí 168. Ti àdúgbò wa, ara páìpù àgbà ló wà, níbi tí gbòǹgbò igi oak kan ti tì í títí tó fi sán.

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, EPA, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní WaterSense, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006. Ìṣirò tiwọn ni pé ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 1/32 inch lọ lára ẹ̀rọ ìbomirin lè da omi tó tó gálọ́ọ̀nù 6,300 nù lóṣù kan. Ihò yẹn ò fẹ̀ tó mìlímítà kan o! Tí a bá sì yí gálọ́ọ̀nù yẹn padà, ó máa tó lítà 23,800, ìyẹn nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní 950.

Ibí yìí ni sáyẹ́ǹsì ti wọ inú àdéhùn. Omi tó ṣòfò jẹ́ nǹkan méjì tí a fi ṣe ìlọ́po ara wọn: bí ihò ṣe ń jò tó, àti iye ọjọ́ tó fi jò. Èèyàn ò lè fi ìwé àdéhùn pinnu bí ihò ṣe máa tóbi tó. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́, àdéhùn ló ń pinnu ẹ̀. Tí àdéhùn bá sọ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò lóṣooṣù, ihò kékeré yẹn ò lè jẹ ju gálọ́ọ̀nù 6,300 lọ kí wọ́n tó rí i. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó lè jẹ tó 18,900. Tó bá jẹ́ "nígbà tí a bá pè yín" bíi tiwa, ó di ìgbà tí ojú ẹnì kan bá ṣèèṣì bá a.

Ohun tó sì máa ń rí irú jíjò yìí kíákíá jù kò wọ́n rárá. Lójú ọ̀pọ̀ mítà omi, ohun pínníṣín kan wà, ó sábà máa ń rí bí onígun mẹ́ta, tó ń yí tí omi bá ń kọjá, bó ti wù kí omi náà kéré tó. Ẹ rí i dájú pé kò sí sprinkler tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ wò ó. Tó bá ń yí, omi ń lọ síbì kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn nínú ìwé wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Rírìn tẹ̀lé omi

Gbólóhùn kan wà tí mo rí nínú àwọn àdéhùn tó dáa: wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tan agbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó rìn tẹ̀lé omi, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní wet check. Kí ni òṣìṣẹ́ náà ń wá?

Ohun àkọ́kọ́ ni omi tó dà bí ìkùukùu. Ọ̀pọ̀ sprinkler kékeré tó ń yọrí láti inú ilẹ̀, agbára omi tí wọ́n ṣe wọ́n fún jẹ́ 30 psi. Tí agbára omi bá lọ sí 60 psi, omi tó ń jáde ò ní di ìlọ́po méjì; nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fi pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi á fọ́ sí wẹ́wẹ́, atẹ́gùn á gbé e lọ, koríko ò sì ní rí i mu. Ẹ ti sanwó omi tó pọ̀ sí i fún koríko tí òùngbẹ ń gbẹ. EPA sọ pé omi tí wọ́n ń lò níta ní Amẹ́ríkà, tó ìdajì ẹ̀ tó lè ṣòfò báyìí: atẹ́gùn á gbé òmíràn, oòrùn á fa òmíràn, òmíràn á ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ohun kejì ni sprinkler tó ń fún títì lómi. Ṣé títì ń hù ni? Òfin Texas gan-an sọ pé ẹ̀rọ ìbomirin ò gbọ́dọ̀ máa fọ́n omi sórí kọnkéré, ọ̀dà, ògiri tàbí fẹ́ǹsì.

Ohun kẹta lè tan èèyàn jẹ. Nígbà míì, fáàfù ti pa, síbẹ̀ omi ṣì ń ṣàn fún ìgbà díẹ̀ ní ẹnu sprinkler tó wà nísàlẹ̀ jù. Ẹni tí kò mọ̀ á pariwo pé páìpù ti bẹ́. Rárá o. Omi tó kù nínú páìpù ló ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ. Fáàfù kékeré kan tí kì í jẹ́ kó ṣàn ti tó láti parí ẹ̀. Àmọ́ tí omi yẹn ò bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ó ṣeé ṣe kí fáàfù má pa dáadáa, bóyá òkúta kékeré ló há mọ́ rọ́bà inú ẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló fi yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò. Òfin Texas ò sì fi ṣeré: iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gbowó láti ri ẹ̀rọ ìbomirin mọ́lẹ̀, láti tọ́jú rẹ̀ tàbí láti tún un ṣe, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ náà, TCEQ. Onílé lè ṣe ti inú ọgbà ara ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ta ló ń yí aago?

Lára ògiri, àpótí kan wà tó ń sọ fún fáàfù ìgbà tó máa ṣí àti ìgbà tó máa pa. Aago ìbomirin ni màá pè é. Ìbéèrè tó rọrùn ni: ta ló ní àṣẹ láti yí i? Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, kò sí ìdáhùn. Agékoríko á yí i sókè torí kò fẹ́ kí koríko pọ́n lójú òun. Ẹlẹ́rọ á yí i sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ á tún yí i sókè torí ìyàwó ẹ̀ ní òdòdó ń rọ.

Ohun tó yẹ kó máa yí aago yẹn ni ojú ọjọ́. Oòrùn àti atẹ́gùn máa ń fa omi kúrò lára ilẹ̀ àti ewé, iye tí wọ́n ń fà lóṣù Kẹjọ pọ̀ gan-an ju ti oṣù Kejìlá lọ. Ìṣirò ẹ̀ ò le: tí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà kan géérégé ni. Nítorí náà, koríko tó gba mítà 100 onígun mẹ́rin, tó nílò mìlímítà 25 lọ́sẹ̀, lítà 2,500 ló máa mu, ìyẹn ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì. Tí òjò bá ti rọ ìdajì ẹ̀, ó yẹ kí aago dín in kù sí ìdajì. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, á kàn máa bu ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì dà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.

Texas sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀rọ tuntun tó ń dá ṣiṣẹ́ ní ohun tó máa dá a dúró tí òjò bá rọ̀. Bí irú kan lára wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi: àwo pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, òjò á rọ̀ sí wọn, wọ́n á wú bí gàrí nínú omi, wíwú yẹn á tẹ ṣúìsì, aago á dákẹ́. Tí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á súnkì padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú oòrùn, wọn ò ní wú bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dán an wò, kó da omi sí i, kó wò ó bóyá aago dúró. Iṣẹ́ ta ni? Tí kò bá sí nínú ìwé, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Houston tún fi ti ẹ̀ kún un. Amọ̀ ni, ó máa ń wú tó bá mumi, ó sì máa ń sán tó bá gbẹ. Amọ̀ ò lè gba omi kíákíá. Tẹ́ ẹ bá fún un lómi fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ẹ̀ lè ṣàn lọ sí títì. Ó sàn kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ dúró kó mu ún, kẹ́ ẹ tún fún un ní mẹ́wàá. Omi kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò á rí i. Wíwú àti sísán amọ̀ yìí tún máa ń fa páìpù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí míì tí àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ò fi lè tó.

Omi tó padà sẹ́yìn

Apá yìí kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ní College of the Holy Cross, ní ìlú Worcester, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lóṣù Kẹjọ ọdún 1969, àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé náà ń ṣe ìdánrawò nínú oòrùn. Wọ́n mu omi ẹ̀rọ tó wà létí pápá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àrùn mẹ́dọ̀wú ni, hepatitis. Nínú agbábọ́ọ̀lù àti olùkọ́ni 97, 90 ló kó o. Lẹ́yìn ìdíje méjì péré, wọ́n fagi lé ìyókù bọ́ọ̀lù ọdún yẹn.

Ibo ló ti wá? Páìpù tó gbé omi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mu omi, òun náà ló gbé omi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń so sprinkler pápá mọ́lẹ̀, nínú àwọn àpótí tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń gbé nítòsí, tí àrùn náà wà lára wọn, máa ń ṣeré níbẹ̀, omi tó ti dọ̀tí sì dúró nínú àwọn àpótí yẹn. Lọ́jọ́ kan, ilé kan gbiná nínú ìlú. Àwọn panápaná fa omi púpọ̀ láti pa á, agbára omi nínú páìpù ìlú wálẹ̀, páìpù náà sì fa omi ìdọ̀tí inú àpótí wọlé bí èèyàn ṣe ń fi sitírọ́ọ̀ fa mínírà.

Omi ò mọ ibi tí a fẹ́ kó lọ. Ibi tí agbára bá ti kéré ló ń forí lé. Láàárọ̀, agbára páìpù ìlú pọ̀ ju ti inú koríko lọ, omi ń lọ síta. Tí agbára ìlú bá já wálẹ̀, ajílẹ̀, ìtọ̀ ajá àti oògùn apakòkòrò tó wà ní ẹnu sprinkler lè wọlé padà, kó dé ẹnu ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti ń pọn omi mímu.

Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀rọ ìbomirin fi gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní backflow preventer. Ẹ jẹ́ ká pè é ní adènà omi. Irú èyí tó lágbára jù ní ilẹ̀kùn méjì tó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, pẹ̀lú yàrá kékeré láàárín wọn. Tí nǹkan bá dojú rú, yàrá yẹn á ṣí, á da omi inú ẹ̀ síta dípò kó jẹ́ kó padà sí ìlú. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì àti rọ́bà ló ń ṣe iṣẹ́ náà, sípíríǹgì sì ń rẹ̀, rọ́bà ń gbó, yanrìn ń há sí wọn lẹ́nu. Kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí omi á ṣì máa jáde dáadáa. Òfin Texas sọ pé níbi tí omi tó padà bá ti lè fa àìsàn, ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ adènà náà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Agékoríko kọ́ ló máa ṣe é. Àdéhùn tó dáa máa sọ ẹni tó máa pe olùyẹ̀wò, oṣù tó máa pè é, àti ibi tí ìwé àyẹ̀wò máa wà.

Òtútù kì í gba àwáwí

Oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù tó le bo gbogbo Texas mọ́lẹ̀. Ní Houston, ó lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo Celsius. Iná lọ, páìpù bẹ́ nílé lóko. Agbára omi ìlú wálẹ̀ ju 20 psi tí òfin béèrè lọ, ìjọba sì ní kí gbogbo ará Houston máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Worcester ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Omi wà lára nǹkan díẹ̀ tó ń tóbi sí i nígbà tó bá dì. Ó máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Houston sábà máa ń bọ́, torí ilẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n adènà omi, òkè ilẹ̀ ló dúró sí nínú afẹ́fẹ́. Òun ló ń kọ́kọ́ bẹ́, owó ẹ̀ sì le.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ: kó pa fáàfù tó wà láàárín mítà àti adènà, kó ṣí àwọn ẹnu kéékèèké ara ẹ̀ kí omi inú ẹ̀ dà síta, kó yí ọwọ́ méjèèjì dé àárín, kó sì fi nǹkan bò ó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ò ní dáhùn fún "ohun tó ju agbára èèyàn lọ." Ó dáa. Òtútù ju agbára èèyàn lọ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ti kéde ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú. Pípa fáàfù ò ju agbára èèyàn lọ. Ìlà tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé, tí wọ́n bá ti kéde òtútù tó lè mú kí omi dì, lágbájá ló máa pa fáàfù, kí òtútù náà tó dé.

Ohun tó gbó àti ohun tí wọ́n bàjẹ́

Ìjà tó pọ̀ jù lórí irú iṣẹ́ yìí ni: ta ló máa san owó àtúnṣe? Ìwé tó mọ́gbọ́n wá máa pín in sí mẹ́ta. Ohun tó gbó fúnra ẹ̀, bíi rọ́bà tàbí wáyà fáàfù, onílé ló ni ín. Ohun tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ohun tí ẹlòmíì bàjẹ́, bíi mọ́tò tó gun orí koríko, onílé á san án ná, lẹ́yìn náà kó wá ẹni tó ṣe é.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ wo ojú ọgbẹ́. Sprinkler tí abẹ ẹ̀rọ agékoríko gé, orí ẹ̀ á já lọ gbọrọgandan. Èyí tó gbó, omi á máa sun nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ á wà níbẹ̀. Páìpù tí gbòǹgbò tì, á sán lọ gbọọrọ tàbí kó wọ́. Fọ́tò kan tí òṣìṣẹ́ yà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lè pa ìjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Máàpù tún ṣe pàtàkì. Texas ní kí ẹni tó bá ri ẹ̀rọ tuntun mọ́lẹ̀ fún onílé ní àwòrán ibi tí gbogbo nǹkan wà gan-an, ìlànà bí wọ́n ṣe máa fún un lómi nígbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, àti àkọsílẹ̀ ohun tó nílò ìtọ́jú. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí nọ́ńbà ìwé àṣẹ oníṣẹ́ sì wà nínú ẹ̀. Láìsí máàpù, wíwá fáàfù kan lè gbà ju títún un ṣe lọ, wákàtí tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ kiri, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ìwé tuntun

Omi tó ti lọ ti lọ. Gbogbo onílé ló dá owó ẹ̀, màmá nọ́ọ̀sì náà dá tiwọn. Ohun tí a rí ṣe ni pé a tún ìwé kọ nígbà tí àdéhùn parí. A ò lo gírámà lọ́yà. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà la tò sílẹ̀, a sì bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń wò ó, ìgbà wo ló ń wò ó, ta ló ń tún un ṣe, ta ló ń sanwó?

Báyìí ló ṣe rí:

Mítà: agékoríko ló ń wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí sprinkler ò ṣiṣẹ́. Á ya fọ́tò ẹ̀, á fi ránṣẹ́.

Rírìn tẹ̀lé omi: ẹlẹ́rọ omi, lóṣooṣù láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹwàá. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Aago: ẹlẹ́rọ omi nìkan. Ẹlòmíì tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ kọ̀wé.

Àtúnṣe kékeré: ẹlẹ́rọ lè ṣe é láìkọ́kọ́ pè wá, tí owó ẹ̀ ò bá ju iye tí a jọ fọwọ́ sí.

Páìpù àgbà tó bẹ́: kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pa fáàfù, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. A fi ọ̀dà pupa sàmì sí fáàfù náà, a sì fi ibi tó wà han gbogbo wọn.

Adènà omi: iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àdúgbò ló máa pe olùyẹ̀wò lóṣù Kẹta ọdọọdún.

Òtútù: ẹlẹ́rọ omi, kí òtútù tó dé.

Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ fún màmá, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀lé e láti òkè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Tí agékoríko ò bá fi fọ́tò mítà ránṣẹ́ ńkọ́?" A ò tíì kọ ìyẹn. A kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn: tí fọ́tò ò bá dé fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò ní san owó oṣù náà títí yóò fi dé. Nọ́ọ̀sì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwọ̀n ìbà aláìsàn sílẹ̀ mọ̀ pé àyẹ̀wò tí kò ní àkọsílẹ̀, bí ẹni pé wọn ò ṣe é ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè máa rò pé kò kàn yín, torí kò sí yìnyín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo rọ́bà omi tẹ́ ẹ jù sínú báàfù ọṣẹ tàbí dúrọ́ọ̀mù oògùn apagbó, tí ẹnu ẹ̀ rì sínú omi, nígbà tí táńkì òkè ń gbẹ lọ. Páìpù yín lè fa ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn padà gẹ́gẹ́ bí ti Worcester. Ẹ fi àlàfo sáàárín ẹnu rọ́bà àti omi. Òfìfo díẹ̀ yẹn ni adènà omi tó rọ̀ jù láyé. Tẹ́ ẹ bá sì ń san owó ìtọ́jú ẹ̀sítéètì, ẹ béèrè ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ mú ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Èyí tí wọn ò bá rí orúkọ kọ síwájú ẹ̀, ẹ tètè lọ wo ibẹ̀.